Fèrèsé Orí Ọkọ̀ Tí O Ní Kí N Má Ṣí Mọ́

Rakan ọmọ mi,

Ẹni tí yóò bá bàbá rẹ̀ wí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kí i. Bí mo ti gbé fóònù sétí ní àárọ̀ àná, n kò gbọ́ ẹ káàárọ̀, n kò gbọ́ ṣé dáadáa lẹ jí. Ohun tí mo gbọ́ ni pé, "Bàbá, ẹ ti fèrèsé orí ọkọ̀ yẹn pa, ẹ má sì ṣí i mọ́ láéláé, ẹ ti sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ìlú Amman." Àwọn àlejò jókòó tì mí, wọ́n sì gbọ́. Mo dá fóònù náà padà sí àyè rẹ̀ láì fèsì, nítorí pé ẹni tí kò kí ènìyàn kì í retí ìdáhùn.

Jẹ́ kí n fi bí a ti í ṣe é hàn ọ́. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ọlọ́hun yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kò ní jẹ́ kí a fi ohùn ẹkún pè ọ́ wálé. Ara màmá rẹ le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí òtútù bá mú. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, igi ólífì ẹ̀yìnkùlé sì so débi pé ẹ̀ka rẹ̀ ń fọwọ́ balẹ̀. Ìròyìn ilé nìyẹn. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Ìwọ fúnra rẹ ni o fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí wa, kí àwa àgbà lè gùn ún lọ sí ìlú Tafila láti bá ọ tọrọ Lujain, ọmọbìnrin tí o ní bí kì í bá ṣe òun, o kò ní fẹ́ ẹlòmíràn títí ayé. O sì mọ̀ pé Nayif, àbúrò bàbá rẹ̀ tó dúró ní ipò bàbá rẹ̀ tó ti kú, ti lé àwọn tí wọ́n lówó jù wá lọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. N kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìrìn àjò náà. N kì í sì í lo ohun tí n kò bá mọ ìwà rẹ̀, nítorí náà mo ka ìwé tó wà nínú àpò ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rí àwòrán ìka tó ń tẹ bọ́tìnnì, tí òrùlé sì ń sún sẹ́yìn. Sattam, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ní atẹ́gùn ni wọ́n ṣe é fún. Mo bi í léèrè pé kí wá ni fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ń ṣe? Ta ló ní ilẹ̀kùn yí ilé ká, tí yóò tún dá àjà lu nítorí atẹ́gùn?

Mo fi òye gbé e yẹ̀ wò, ó sì yé mi. Ẹni tó gun nǹkan ni í kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó ń kọjá ni í kí ẹni tó jókòó. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń gun ẹṣin, orí wọn ga ju ògiri lọ, kò sí ará ilé tí ìkíni kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dé, a sá pamọ́ sínú rẹ̀ bí ẹyin nínú agbọ̀n, a ń kọjá àgbàlagbà bí ẹni tó ń kọjá òkúta. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí rí ìtìjú náà, wọ́n sì gé àyè sí orí rẹ̀ kí ọmọlúàbí lè dìde dúró kí ènìyàn. Ìwé wọn kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni í kọ ohun tí gbogbo ọmọ tí a kọ́ ti mọ̀ sínú ìwé?

Nítorí náà, nígbà tí a wọ Tafila, mo ní kí Sattam máa rìn bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó lóyún. Mo bọ́ bàtà, mo tẹ́ tìmùtìmù màmá rẹ sórí àga, nítorí a kì í fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí ènìyàn ń jókòó. Mo wí bìsìmílàhì, mo tẹ bọ́tìnnì. Òrùlé náà kọ́kọ́ gbé ìdí sókè bí ẹran tí kò fẹ́ gbẹ́rù, mo tún un tẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn. Mo dìde. N kò juwọ́, ọmọdé ni í juwọ́. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún sí àyà, mo sì ń kí wọn nílé-nílé, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè, mo ń béèrè ara àti ẹsẹ̀ àwọn arúgbó. Nígbà tí ìjì yanrìn fẹ́, mo sọ̀kalẹ̀, mo tì í, torí pé ẹni tí yanrìn kún ẹnu rẹ̀ kò lè kíni kó yéni. Nígbà tó rọlẹ̀, mo tún ṣí i, mo dìde. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ti Sattam ni: ó gbàgbé ara rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sáré, atẹ́gùn sì gba ìborí mi tòun ti okùn tí mo fi dè é mórí lọ. Gálíbù, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn wa, yọrí síta, ó ń pariwo pé, "Bàbá Rakan, ẹ jókòó jọ̀ọ́, ìyàwó la wá tọrọ, a ò wá du ìbò." Mo ní kó kí mi ná, kó tó ṣàròyé.

Orí òfìfo ni mo gbé wọ ilé àna. N kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Wọ́n gbé kọfí wá, mo gbé ife mi kalẹ̀ bí àṣà wa ti rí, mo ní n kò ní mu ún àfi tí wọ́n bá fún wa ní ohun tí a bá wá. Nayif wo orí mi, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, torí àwòrán mi ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Ó ní, "Bàbá Rakan, bí bàbá bá ń yọrí lórí ọkọ̀ bí ọmọ ogún ọdún, ṣé ọmọ rẹ̀ ló wá máa gbọ́n?" Gbogbo àgbà tó bá mi lọ dorí kodò. Kọfí ń tutù lọ. O mọ̀ pé bí a bá dìde níbẹ̀ láì mu ún, ọ̀rọ̀ Lujain parí nìyẹn.

Ìgbà náà ni ohùn kan sọ̀kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Àlájà Fida ni, ìyá Nayif, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè kúrò lókè mọ́. Ó ní, "Nayif, panu dé. Láti ìgbà tí mo ti jókòó sójú fèrèsé yìí, orí ọkọ̀ nìkan ni mò ń rí, bí ẹ̀yìn ìjàpá, wọn a lọ, wọn a bọ̀. Bàbá yìí lẹni àkọ́kọ́ tó yọ jáde nínú ọ̀kan, tó kí mi, tó béèrè ẹsẹ̀ mi. Sọ fún un kó mu kọfí rẹ̀, kó má baà di omi." Nayif họ irùngbọ̀n rẹ̀ títí. Ó wá ní, "Ẹ mu kọfí yín." Mo mu ún tán.

Nítorí náà, má sọ fún mi pé mo bà ọ́ lójú jẹ́. Mo ti rí ohun tó wà nínú fóònù, ọmọ Sattam fi hàn mí. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló na àtàǹpàkò sókè láti dá mi lóhùn, àwọn kan tí ojú wọn pọ́n bí pupa ẹyin tilẹ̀ ń da omijé, tó fi hàn pé ìkíni náà wọ̀ wọ́n lára. Mo ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi pe ìrun. Àwọn tó kù, kí o bá mi kí wọn.

Fi dínárì díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ìborí àti okùn rẹ̀, kí o sì ra èròjà olóòórùn dídùn tí a ń fi sínú kọfí, ti abúlé kò dára. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí o mọ ìnáwó òfò. Yóò fi ọmọ tó mọ ìkíni dá ọ lọ́lá.

Ọ̀rọ̀ tó kù nìyí, ó sì ti kúrò lọ́wọ́ èmi àti ìwọ. Àlájà kò lè sọ̀kalẹ̀ wá síbi ìgbéyàwó. Ó ní ọkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ dìde dúró lórí ọkọ̀ náà níwájú fèrèsé òun, kí ó kí òun, kí ó béèrè ẹsẹ̀ òun, kí ẹnikẹ́ni tó fa Lujain lé e lọ́wọ́. Mo di irùngbọ̀n mi mú lójú gbogbo àgbà, mo sì jẹ́jẹ̀ẹ́ lórúkọ rẹ. Nítorí náà, wá sílé ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ìrun tó tó. Bọ́ dígí dúdú ojú rẹ, bọ́ bàtà, kí o dúró sínú ọkọ̀ náà, kí o sì kí gbogbo abúlé láti ìkóríta títí dé ẹnu ọ̀nà wa, kí n lè gbọ́ bí ohùn rẹ ti rí. Fèrèsé Àlájà ga. Gbé ohùn rẹ sókè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Awad