Irin Tó Wà Lójú Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná... èmi ni mo dá àyẹ̀wò ọkọ mi dúró, kò sì mọ̀ pé èmi ni.

Irin ni Daddy, ọkọ mi yìí, ti ń tà ní Owódé Onírin kí n tó fẹ́ ẹ. Ìtọ̀ ló kọ́kọ́ ń dà á láàmú. Dókítà ní prostate ẹ̀ ni, wọ́n máa ṣe biopsy, ìyẹn ni pé wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ wò bóyá jẹjẹrẹ ni, àmọ́ kó lọ fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú ara ẹ̀ ná, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa gún. HMO, àwọn tó ń báni san owó ìtọ́jú, tí ọmọ wa fi orúkọ ẹ̀ sí níbi iṣẹ́, ní biopsy làwọn ń san, MRI ò sí nínú plan yẹn... ọmọ yìí bẹ̀ wọ́n títí, dókítà tún kọ̀wé, kí wọ́n tó gbà. Wọ́n ní tóṣù yìí bá ti parí, ó parí nìyẹn.

A dé ibi tí wọ́n ti ń ya MRI, nọ́ọ̀sì bi í bóyá irin wà lára ẹ̀, torí ẹ̀rọ yẹn máa ń fa irin. Daddy rẹ́rìn-ín, ó ní, "Irin ni mò ń tà, n kì í jẹ ẹ́."

Irọ́ ni o! Nígbà tí mo ń fún àkọ́bí wa lọ́mú, èérún irin fò sí i lójú níbi tí wọ́n ti ń gé irin. Kò lọ ọsibítù, torí láàárín àwọn onírin, ẹni tírin bá ṣe léṣe, wọ́n á ní ó ti fi irin búra èké. Omi ọmú mi ni mo fún sí i lójú. Ó ní ó ti jáde, àmọ́ tí ọyẹ́ bá ti dé, ojú yẹn á pọ́n, á máa ṣomi. Ó ní n ò gbọ́dọ̀ sọ fẹ́nì kankan, n ò sì sọ ọ́ rí.

Ẹ̀rù bà mí, mo tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì jáde, mo sọ ọ́. Ó ní ẹ̀rọ yẹn lè fa irin náà kó ba ojú jẹ́, pé wọ́n gbọ́dọ̀ ya X-ray ojú ná. Nígbà tó lọ sọ fún Daddy pé wọ́n máa ya ojú ná, kò dárúkọ mi. Daddy bínú, ó ní kí ló kan ojú nínú ọ̀rọ̀ ìtọ̀, pé ọgbọ́n HMO ni kí wọ́n má baà sanwó. HMO náà sì ní X-ray ojú ò sí nínú ohun táwọn fọwọ́ sí. Mo ní màá san án látinú ẹja yìnyín tí mò ń tà ní Ìkòsí, ó ní kò sí nǹkan lójú òun, òun ò lọ síbì kankan mọ́... oṣù sì ń lọ.

Tí mo bá jẹ́wọ́, ó lè gbà láti lọ, ó sì lè má finú hàn mí mọ́ láé. Ṣé kí n sọ fún un? Àbí kí n sọ fún dókítà kó bá mi sọ ọ́? Kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni?

Lánàá ojú yẹn ń ta á. Ó gbórí lé itan mi kí n bá òun fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wá ní, "Ìwọ nìkan ló mọ̀ ọ́n, o ò sì tú mi fó rí."