Lẹ́tà Tí O Kọ Lórí Kọ̀ǹpútà Mi

Ilé mi,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀gá Aago, ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọmọ rẹ àti aya rẹ̀ tí o lọ lo oṣù kan lọ́dọ̀ wọn. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé orúnkún rẹ ọ̀tún kò yọ ọ́ lẹ́nu lórí àtẹ̀gùn ilé wọn, àti pé oògùn tí o kó lọ kò ní tán kí oṣù tó parí. Bí ó bá fẹ́ tán, má dúró di ìgbà tí yóò ku ẹyọ kan. Ní kí ọmọ rẹ tètè wá òmíràn. Èmi náà wà láàyè. Ẹ̀jẹ̀ mi ru sókè díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ìwọ yóò sì mọ ìdí rẹ̀ tí o bá ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí o lọ gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí mo bá tàn án, mo lè gbé omi kaná, kí n po tíì, kí n mu ún tán, kí ó tó gbà mí láyè láti tẹ nǹkan kan. Fáànù inú rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ń sáré gun òkè. O mọ̀ mí, ọkàn mi kì í balẹ̀. Mo rò pé yóò gbiná. Mo yọ okùn iná rẹ̀ kúrò lára ògiri, mo fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, mo tún kì í bọ̀ ọ́, mo tún yọ ọ́. Mo tiẹ̀ gbé garawa omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kí n tó rántí pé ìwọ lo kìlọ̀ fún mi pé a kì í da omi sí nǹkan oníná. Mo tún gbé garawa náà padà síta, mo sì nu ilẹ̀.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, mo mú ìwé tí o kọ àwọn ìlànà sí fún mi. Ìwọ tí o fi gbogbo ayé rẹ tún aago ọwọ́ ṣe, tí o wá fi ọwọ́ kan náà kọ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí àwọn èèyàn kò gbé aago wá mọ́, o kọ ọ́ kedere fún mi. Àkọ́kọ́, kí n wo àwọn sọ́fítíwíà tó ń jí fúnra wọn nígbàkígbà tí Wíńdóòsì bá jí, kí n dá àwọn tí kò wúlò dúró. Lẹ́yìn náà, kí n jẹ́ kí èyí tó ń wá fáírọ́ọ̀sì yẹ gbogbo inú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, kí n fi èyí tó ń gbá ìdọ̀tí kó gbogbo pàǹtírí tó ti kóra jọ. O kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, pé èyíkéyìí tó bá ní kí n sanwó, kí n ti ojú rẹ̀ pa. Mo rí mẹ́rìnlá tó ń jí pẹ̀lú rẹ̀. Mo dá mẹ́sàn-án dúró. Márùn-ún tó kù, orúkọ wọn bà mí lẹ́rù, mo fi wọ́n sílẹ̀.

Ibi ìgbálẹ̀ yẹn ni mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Àwọn àpótí kéékèèké kan wà tí a ó fàmì sí. Mo rò pé bí mo bá ṣe fàmì sí i tó ni yóò ṣe mọ́ tó, ni mo bá fàmì sí gbogbo wọn láìka ohun tí wọ́n kọ síwájú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni fódà tí ohun tí a bá gbà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń já sí. Ìṣẹ́jú kan péré, ó gbá a mọ́ fínnífínní. Inú fódà yẹn ni ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé ìkàwé wà.

O mọ ìwé orúkọ yẹn. Ọdún mọ́kànlá tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé àdúgbò fi wà lọ́wọ́ mi, kò sí ọmọ kan tó dá ìwé kan kà tán fún ìgbà àkọ́kọ́ tí n kò kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ náà, àti ìwé tó kà. Ọmọbìnrin mi ló fi ìwé òfìfo onílà tí a ń to orúkọ sí ránṣẹ́ sí mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Ibi tó já sí ni mo ti ṣí i, ibẹ̀ náà ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀ sí látọjọ́ yìí wá. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ó yẹ kí n gbé e lọ ibòmíràn. Lẹ́yìn tí obìnrin tó jẹ́ Alága ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé orúkọ yẹn nìkan ló kù fún mi.

Ǹ bá ti pè ọ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ da ìsinmi rẹ rú. Mo lọ bá obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkángun òpópónà wa, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ṣájà. Kò jẹ́ kí n jókòó kó tó sọ fún mi pé, “Bàbá, ẹ má tẹ nǹkan kan sórí ẹ̀rọ yẹn mọ́. Bí ẹ bá ń tọ́jú nǹkan tuntun síbẹ̀, ẹ ń da iyanrìn lé ohun tí ẹ ń wá lórí ni.” Ó ṣàlàyé pé fáìlì tí a bá pa rẹ́ kì í lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Wíńdóòsì máa ń yọ, àyè rẹ̀ á sì wà bẹ́ẹ̀ títí ohun mìíràn yóò fi wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ gba sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan tó ń wá irú fáìlì bẹ́ẹ̀ padà, ó kó o sínú fúláàṣì, ó tẹ̀ lé mi wálé. Òun náà ló rí i pé sọ́fítíwíà méjì tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì ni o gbé sórí kọ̀ǹpútà mi, tí wọ́n sì ń fura sí ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdí tó fi di arọ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé, “Ta ló kó ọlọ́dẹ méjì sẹ́nu ọ̀nà kan fún yín?” Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni, pé ọwọ́ rẹ dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní àdúgbò yìí. Mo gbèjà rẹ, Ọ̀gá Aago. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbèjà rẹ.

Ó lé ní ẹgbàá fáìlì tí sọ́fítíwíà náà hú jáde. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní orúkọ, nọ́ńbà nìkan ni. Mo ní láti máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí lẹ́tà ẹ̀sùn tí mo kọ sí àwọn oníṣẹ́ omi tí n kò fi ránṣẹ́ nítorí mo rò pé ó le jù. Mo rí àwòrán ajá ẹnìkan tí n kò mọ̀. Mo rí ìdajì àwọn ìwé tí mo ti gbàgbé pé mo kọ, ẹ̀rù sì ń bà mí díẹ̀díẹ̀, nítorí mo rò pé bí wọ́n ti hú èyí jáde, kí ni wọn kò ní hú jáde?

Àárọ̀ àná ni mo ṣí ọ̀kan tí àdírẹ́sì ilé rẹ wà lókè rẹ̀. Mo rò pé ìwé tí mo bá ọ kọ ni. “Sí Alága Ìgbìmọ̀ Ilé Ìkàwé.” Mo kà á dé ìlà kejì, mo tún padà sí òkè. O kọ ọ́ pé: “Ó dùn mí láti sọ èyí nípa ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá ilẹ̀kùn ilé ìkàwé ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn tó ti lọ sílé. Lọ́jọ́ kan, ó ti ọmọdébìnrin kan mọ́ inú ibẹ̀. Igbe ọmọ náà ni mo gbọ́ bí mo ti ń kọjá, mo sì já àgádágodo kí n tó rí i yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni.”

Mo wo ọjọ́ tí o kọ ọ́. Ọjọ́ tí o wá bá mi tún kọ̀ǹpútà náà ṣe ni. O ní ebi ń pa ọ́, pé kí n bá ọ ra búrẹ́dì wá ní ìta. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, mo tiẹ̀ tò lórí ìlà torí pé mo fẹ́ kó jẹ́ èyí tó gbóná. Orí àga mi lo jókòó sí kọ ọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi lo fi tẹ̀ ẹ́ jáde, ìwé mi ni. Lẹ́yìn náà lo pa á rẹ́, o da agbọ̀n ìdọ̀tí orí kọ̀ǹpútà nù, mo wọlé, o gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo fi bọ́tà sí i fún ọ. O ní kí n fi sí i sí i.

Ogójì ọdún ó lé mẹ́ta la ti jọ ń rìn. Nígbà tí Alága wá sílé mi tó ní, “Bàbá, ẹ ti ṣe é tó, ẹ lọ sinmi,” ọ̀dọ̀ rẹ ni mo sá wá. Mo sunkún níwájú rẹ, èmi àgbàlagbà. O fún mi ní áńkáṣíìfù rẹ. O fi orúkọ ìnagijẹ mi pè mí, o ní, “Kò-dá-mi-lójú, má dá wọn lóhùn. Àwọn èèyàn òde òní ò mọ iyì àgbà.” Mo gbà ọ́ gbọ́. Láti ọjọ́ náà, n kò kí Alága yẹn mọ́. Ó kí mi ní iwájú ilé ìtajà oògùn, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń ka páálí. O wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà. O rí i tí mo fi ìwọ̀sí kan ẹni tí kò ṣẹ̀ mí, o sì ń wo bàtà rẹ.

Bí o bá gbá mi lójú ní gbangba, yóò dùn mí ju èyí lọ fún ọjọ́ kan, kò ní dùn mí tó èyí fún ọdún kan. Ta ni kì í gbàgbé nǹkan? Ìwọ gan-an, ẹ̀ẹ̀melòó ni o ti wá gíláàsì rẹ nígbà tó wà lórí rẹ? Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi ọwọ́ tọ́ka rẹ̀ fún ọ. N kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ nínú lẹ́tà tí mo fi bínú kọ. Ilẹ̀kùn tí o ní mo fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo rántí ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́ tí òjò ká mi mọ́ ni. Méjì yòókù, n kò rí nǹkan kan tí mo bá wá wọn lórí mi. Ní ti ọmọ náà, mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Mo ti fi ìwé kọ ọ́ báyìí pé irọ́ ni kí n tó fà á ya. Nítorí mo rántí àgádágodo tuntun. O mú un wá fún mi, o ní èyí ti tẹ́lẹ̀ ti dípẹtà ni o fi já a dànù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Mo rí ìwé orúkọ náà ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó pé, kò sí ìlà kan tó sọnù. Kò dùn mọ́ mi bí mo ti rò. Igba ọmọ ó lé mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mo fi ìka lé orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń bi ara mi pé ṣé èyí ni ọmọ tí mo tì mọ́ inú ibẹ̀, ṣé èyí ni. Mo dé ìsàlẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ìyá Ṣájà ní sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ mìíràn wà tó ń pa fáìlì rẹ́ débi pé kò sí ẹni tó lè hú u jáde mọ́. Mo ní kó bá mi gbé e sórí ẹ̀rọ. Mo na ìka sí lẹ́tà rẹ láti pa á rẹ́ pátápátá, ìka mi kọ̀. Tí mo bá pa á rẹ́, bóyá n ó gbàgbé pé mo rí i, àwa méjèèjì yóò sì tún máa jẹ búrẹ́dì. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

N kò ní kí o tọrọ àforíjì. Kọ́kọ́rọ́ náà, n kò fẹ́ ẹ mọ́. Bí ohun tí o kọ bá jẹ́ òótọ́, kò yẹ kó wà lọ́wọ́ mi. N ó lọ bẹ Alága fúnra mi nítorí ìwọ̀sí tí mo fi kàn án. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni pé kí o wá jókòó síwájú mi, kí o sọ fún mi ohun tí o sọ fún un. Sọ gbogbo rẹ̀, má fi ọ̀kan bò. Ọmọ ta ni? Báwo ni ó ti pẹ́ tó nínú ibẹ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé bàbá ilé ìkàwé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?

Kí Ọlọ́run mú ọ padà wá ní àlàáfíà. Kí ó fún orúnkún rẹ lókun, kí ó bá ọ tọ́jú ọmọ rẹ àti ilé rẹ̀. Kí ẹni tí o bá fẹ̀yìn tì má yẹ̀ ọ́ sílẹ̀ láé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, nítorí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí n ó fi rọ́pò rẹ̀,
Kò-dá-mi-lójú.

Àfikún: Mo ti yọ ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́dẹ méjì yẹn kúrò, kọ̀ǹpútà náà ń tètè jí báyìí. Má pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ máa ń tù mí nínú, n kò sì fẹ́ ìtùnú kí n tó gbọ́ òótọ́. Bí o bá dé, tí mo sì fi ẹ̀rín kí ọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, má jẹ́ kó dùn mọ́ ọ. Mú lẹ́tà yìí jáde lápò rẹ, kí o kà á sí mi létí.