Ife-Ẹ̀yẹ Ọdún 1991 àti Fọ́ọ̀mù Tí Mádáàmù Sàwúdátù Àyọ̀kẹ́ Fọwọ́ Ara Wọn Kọ

Ní Alabar, ní àárín gbùngbùn Kumasi, ni a ti bí olóògbé Mádáàmù Sàwúdátù Àyọ̀kẹ́ Jímọ̀h ní oṣù kẹta ọdún 1944. Alùfáà Àúdù Jímọ̀h, ọmọ Pàkátà ní Ìlọrin, ni baba wọn. Àìṣátù tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ni ìyá wọn. Kùránì kan àti ẹ̀wù méjì ni Baba gbé dé Kumasi, kò sì padà sílé mọ́. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọmọ rẹ̀ pé níbo ni ìlú rẹ, Ìlọrin ni ọmọ náà yóò dáhùn kó tó ronú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa.

Màmá kéwú lọ́dọ̀ baba wọn, wọ́n lọ sílé ìwé ní Krofrom, ní Kumasi kan náà, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1965. Ní 1967, Táhírù Adéfọlá tó ń ránṣọ gbé wọn níyàwó, Ọlọ́hun sì fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ. Wọn kì í fi ìrun wákàtí márààrún ṣeré, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sì ń kọ́ àwọn obìnrin Alabar ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnu wọn mú. Ẹni tó bá pẹ́ dé yóò gbọ́ tirẹ̀.

Ní 1981, ìjọba gbé wọn lọ ṣe olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ obìnrin kan ní agbègbè Tafo. Ẹbí kò ní kọ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sínú ìwé yìí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Ọdún ìyàn 1983 ni Màmá dá ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí pápá, kò sí àwọ̀n. Kwaku ajórin bá wọn tẹ irin ṣe òrùka, wọ́n kàn án mọ́ igi máńgòrò, àwọn ọmọbìnrin sì ń fi gààrí tí kò tó jẹ sáré kiri.

Ní ìdíje gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ilẹ̀ Ghana ní 1985, wọ́n na ẹgbẹ́ Màmá ní 61 sí 9. Àwọn olùkọ́ ọkùnrin fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi yí po. Ní 1987, wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ní 1989, àmì ayò méjì péré ló gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1991, ní Accra, wọ́n gba ife náà, 48 sí 47. Sàbírátù, ọmọ tí a bí ní Krofrom, ló ju bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn sáwọ̀n. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì gbé ife lérí, ó ń jó nínú bọ́ọ̀sì títí wọ́n fi dé Tafo.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ ìdíje gba ife padà. Màmá ló fọwọ́ ara wọn kọ fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ méjèèjìlá. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ìlú, wọ́n kọ Mampong fún Abena, wọ́n kọ Elmina fún Esi. Fún Sàbírátù, wọ́n kọ Ìlọrin. Ọmọ náà kò fojú kan Ìlọrin rí; baba tó bí baba rẹ̀ ló ti ibẹ̀ wá. Ìgbìmọ̀ ní àjèjì ló gbá bọ́ọ̀lù. Màmá gbé ìwé ìbí ọmọ náà dé Accra, ìgbìmọ̀ kò tilẹ̀ ṣí i wò. Kí Màmá tó dé ibẹ̀, ọ̀gá tó ń jó lánàá ti fọwọ́ sí lẹ́tà pé òun gba ìdájọ́ náà. Ó wá wò wọ́n lójú, ó ní, "Mádáàmù, ṣebí ọwọ́ yín lẹ fi kọ ọ́." Ọ̀rọ̀ ìkà ni. Inú ń bí ẹbí sí i títí dòní.

Ọdún méje gbáko ni Màmá fi ń kọ lẹ́tà. Wọn kò béèrè ife mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọrọ: kí a kọ orúkọ àwọn ọmọ méjìlá náà sára pátákó ìyìn tó wà ní gbọ̀ngàn ìjẹun kọ́lẹ́ẹ̀jì. Pátákó náà fo láti 1990 bọ́ sí 1992. Kò sí ẹni tó fèsì.

Ẹ̀jẹ̀ ríru dá wọn dùbúlẹ̀ ní 1998. Sàbírátù, tó ti di olùkọ́ ní Tafo, ló ń fún wọn ní ẹ̀kọ gbígbóná mu. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní, "Sàbírátù, don Allah, nítorí Ọlọ́hun, forí jì mí. Ọwọ́ mi ló gba ife lọ́wọ́ yín."

Sàbírátù ní, "Màmá, ɛnyɛ hwee, kò sí nǹkan kan. Tí wọ́n bá bi mí lónìí, Ìlọrin náà ni màá kọ."

Màmá jẹ́ ìpè Ọlọ́hun ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ìgbà yẹn ni lẹ́tà kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀gá náà fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ ìyìn níbi àdúà ogójì ọjọ́ yìí. Ẹbí ti fèsì pé kò sí àyè. Ẹni tí kò ṣẹ̀ tọrọ àforíjì kó tó kú. Àwọn tó ṣẹ̀ ń wá àga tí wọn yóò jókòó lé. Kí wọ́n lọ kọ orúkọ àwọn ọmọ náà ná.

Olóògbé fi ọkọ sáyé lọ, wọ́n fi ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Wọ́n tún fi obìnrin méjìlá sílẹ̀, ẹbí sì kà wọ́n mọ́ ọmọ.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà ṣe ilé wọn. Ìyá wa, ẹ sinmi lẹ́tà kíkọ, ó ti kàn wá. Ẹ sùn ún re.