Ìwé Dókítà Tó Wà Lábẹ́ Abẹ́là

Gascoigne, Barking,
Ọjọ́ Ẹtì.

Màmá Ìjẹ̀bú mi ọ̀wọ́n,

"Jọmílójú! Jọmí o! Gbé agogo wá! Wọ́n ní kí n jókòó sílé! Ògo!" Ohun tí Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo nìyẹn, mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Mo kúnlẹ̀ kí yín, Màmá. Ṣé orúnkún yín ò dùn yín mọ́? Èmi náà wà dáadáa, ó kàn jẹ́ pé mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti bí ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Mọ́mì níkùn. Dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbi iṣẹ́ wọn ní Creekmouth, ẹrù tútù ni wọ́n ń gbé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọ́fíìsì wá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí Mọ́mì kọ ohun tó ń ṣe wọ́n, kí wọ́n lè gba ìsinmi àìsàn tó ní owó nínú. Màmá, ọmọ yín mú bírò, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Kò sí àìsàn lára mi. Mo ti gba ìwòsàn." Mo ní, "Mọ́mì, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa yé wọn o." Wọ́n ní, "Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìyá mi ò kọ́ mi kí n fi ẹnu ara mi pe àìsàn." Ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ yẹn o.

Ọ̀gá wọn, Godswill, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni òun náà. Ó fèsì: "Ẹ kú oríire, Ma! A bá yín yọ̀. Monday la ń retí yín." Kò béèrè nǹkan kan! Mọ́mì sì ń múra àtilọ, bí wọ́n bá dìde lórí àga, wọ́n á di ikùn mú, wọ́n á máa mí gúlegúle. Mo rò pé ojú ọgbẹ́ yẹn máa ya.

Ìwé dókítà wà nílé. Abẹ́ abẹ́là ni Mọ́mì fi í sí lórí pẹpẹ àdúrà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo, wọ́n ní Ọlọ́run nìkan ló máa kà á. Lánàá, wọ́n wọlé lọ wẹ̀. Mo ya ìwé náà ní fọ́tò, mo fi fóònù wọn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, mo wá pa fọ́tò náà rẹ́ nínú fóònù. Bí olè ni mo rí lójú ara mi.

Ìyáàfin Jannah, tó ń bójú tó ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, ló pè lẹ́ẹ̀kan. Orí sípíkà ni Mọ́mì gbé e sí. Ó ní àwọn ló jẹ̀bi, pé iṣẹ́ àwọn ni láti béèrè dáadáa kí àwọn tó pe ẹnikẹ́ni padà, pé kí Mọ́mì jókòó sílé títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á fi pé, owó ìsinmi wọn á máa wọlé. Ibẹ̀ ni Mọ́mì ti fi igbe ta. Bí obìnrin yẹn ṣe ń sọ pé "ìwé dókítà tí ẹ fi ránṣẹ́," ni mo bá mi agogo kíkankíkan! Mọ́mì ò gbọ́ ọ.

Mọ́mì ní, "Ṣé o rí i? Mi ò bẹ èèyàn kankan!" Ó dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sùn lórí àga báyìí, ọwọ́ wọn ò sí níkùn mọ́. Ara mi ti wálẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi yín sílẹ̀ fún wa pẹ́, kí ẹsẹ̀ yín le.

Èmi ni ọmọ-ọmọ yín,
Jọmílójú.

Mo gbàgbé: mo ti dá ìwé náà padà sábẹ́ abẹ́là. Lọ́jọ́ Àìkú, Mọ́mì máa jẹ́rìí, èmi ni màá ṣe Àmín tó ga jù. Màmá, gbogbo Sátidé lẹ̀yin àti Mọ́mì ń sọ̀rọ̀, ẹ ò sì lè pa nǹkan mọ́ra. Lẹ́tà yìí ò ní kúrò nínú díárì mi.