Ibojì Tí Kò Sí Lábẹ́ Igi Ọsàn: Ìgbésí Ayé Olóògbé Pásítọ̀ Abraham Láoyè (1926–1994)

Ìlú Odigbo ni a bí Pásítọ̀ Abraham Láoyè sí ní ọdún 1926, ní ìdílé Láoyè, àgbẹ̀ olóko kòkó. Oyin, ìyá wọn, ni ó mú wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní ọdún 1935. Ìwé kẹrin ni wọ́n kà dé kí bàbá wọn tó kú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ní ọdún 1952 ni wọ́n gbé Oyèlọlá, ọmọ Àgọ́ Aláyè, níyàwó. Oyèlọlá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ni ó ń dárin nínú ìsìn. Bàbá ni ó ń kan àga tí àwọn olùjọsìn ń jókòó lé.

Ararọ̀mí-Obù ni àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ sin Ọlọ́run, lábẹ́ Wòlíì Ògúndípẹ̀, olùdásílẹ̀ ìjọ ibẹ̀. Nígbà tí wòlíì náà papòdà ní ọdún 1971, àwọn alàgbà rò pé ọlá ni àwọn ń ṣe fún un, wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi dé, wọ́n ní ibi tí bàbá àwọn bá sùn sí, ilé bàbá àwọn ni. Ilé-ẹjọ́ bèèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀. Orúkọ wòlíì nìkan ni ó wà nínú ìwé ilẹ̀. Ìjọ kò ní orúkọ kankan lójú òfin. Báyìí ni a ṣe lé gbogbo ìjọ jáde. Bàbá, tí wọ́n kan òrùlé ilé náà, dúró ní òde rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ń wo bí a ti ń kó àpò kòkó wọ inú rẹ̀.

Ní ọdún 1977 ni wọ́n dá Ìjọ Ìsimi Àrìnrìnàjò sílẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, nítòsí títì márosẹ̀. Àwọn awakọ̀ a máa pè é ní Ṣọ́ọ̀ṣì Láoyè. Bàbá kò gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Wọn a ní, "Láoyè ni bàbá tí ó bí mi. Kòkó ni ó gbìn, kò kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì." Igi ọsàn kan wà nínú ọgbà ibẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni Ìyá ti ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin.

Ọdún 1987 le koko. Àwọn ológun ń ṣèjọba, ọjà wọ́n gógó, oògùn sì di ohun tí a ń wá kiri. Àìsàn dá Ìyá dùbúlẹ̀. Oògùn tí dókítà kọ fún wọn, àwọn ọmọ kò rí i rà ní Ọ̀rẹ̀, wọn kò rí i rà ní Oǹdó. Nígbà tí Ìyá mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ, wọ́n ní abẹ́ igi ọsàn ni kí a tẹ́ àwọn sí. Bàbá dáhùn pé, "Mo gbọ́."

Ọyẹ́ ń jà nígbà tí Ìyá dákẹ́. Àwọn alàgbà ti gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún kí Bàbá tó jáde sí wọn. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti ń lé ìforúkọsílẹ̀ ìjọ kiri láàárín Àkúrẹ́ àti Èkó, ìwé kò tíì jáde. Orúkọ Láoyè ni ó ṣì wà nínú ìwé ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti wòlíì ní Ararọ̀mí. Bàbá ní, "Ẹ da yẹ̀pẹ̀ padà. Bí ẹ bá sin ín síbí, àwọn ọmọ mi yóò sọ ṣọ́ọ̀ṣì di ilé ìyá wọn." Adégbóyè, àkọ́bí wọn, bèèrè lójú gbogbo èrò bóyá ìyá òun kò tó ẹni tí à ń sin sí ilé Ọlọ́run ni. Àgọ́ Aláyè ni wọ́n gbé òkú lọ, sí àgbàlá àwọn àna wọn. Láti ọjọ́ náà ni Adégbóyè kò ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1990 ni ìjọba ológun gbé òfin tuntun jáde lórí ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, èyí tí ó kan ìjọ pẹ̀lú. Bàbá tọ Lọ́yà Àzíìz lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, èmi tí mò ń kírun ni ẹ fẹ́ kí n bá yín ṣòfin ṣọ́ọ̀ṣì?" Bàbá ní òfin ni àwọn bá wá, kì í ṣe ìwàásù. Wọ́n yan àwọn alámòójútó ohun-ìní, wọ́n kọ òfin ìjọ, wọ́n kéde nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tí ó bá ní àtakò lè sọ ọ́, wọ́n sì yọ ilẹ̀ kúrò lórúkọ Láoyè. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n ní kí a kọ ọ́ pé a kò gbọdọ̀ sin ẹnikẹ́ni sínú ọgbà. Lọ́yà ṣàlàyé pé èyí kò pọn dandan mọ́: bí ìwé ìjọba bá ti jáde, ibojì kankan kò lè gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìjọ. Bàbá ní:

"A jẹ́ pé ìwé náà pẹ́ dé, Àzíìz. Kọ ọ́ bí mo ṣe wí."

Ìwé jáde ní ọdún 1992. Láti ìgbà náà, bí olùdásílẹ̀ ìjọ kan bá wá gba àdúrà lọ́dọ̀ wọn, Bàbá a kọ́kọ́ bi í pé orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé ilẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún yìí, àwọn alámòójútó wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n ní àwọn yóò yí òfin ibojì padà nítorí wọn, àyè ṣì ń bẹ lábẹ́ igi ọsàn. Bàbá kọ̀. Bàbá ránṣẹ́ pe Adégbóyè, ó sì wá. Wọ́n ní, "Ibi tí mo gbé ìyá rẹ lọ ni kí o gbé mi lọ. Mo jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀."

Adégbóyè, Ọládùnní àti Máyọ̀wá ni ọmọ tí wọ́n fi sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ; Olúwaṣíjibòmí wà nínú wọn, ẹni tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin lábẹ́ igi ọsàn báyìí.

Lẹ́yìn ìsìn òní, ẹbí rọ gbogbo abánikẹ́dùn pé kí wọ́n má ṣe dúró nínú ọgbà ìjọ. Àgọ́ Aláyè ni a ń lọ. Adégbóyè ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ibojì náà, ní ẹ̀gbẹ́ ti ìyá rẹ̀.

Ẹ sùn re, Bàbá, ní ilẹ̀ àna yín. Kí Ìyá gba ẹ̀bẹ̀ yín.