Ta Ló Ka Ọmọ Mi Tó Fi Di Ìkeje?

Abúlé Oníyeyè, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Mùtíù Àjàní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó mi Ìdíátù ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ fọkanáísà ńkọ́, ṣé taya ń bẹ́ dáadáa ní Bàrúwà? Láti abẹ́ igi ìyeyè tí mo jókòó sí yìí ni mo ti ń gbàdúrà fún ẹ, pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí atẹ́gùn ayé ẹ jò. Ìṣó ò ní gún ẹ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ní òun máa fi ìṣó dè ọ́ lọ́nà, taya tiẹ̀ ló máa bẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ náà ló máa tì í wá, wàá sì gbowó lọ́wọ́ ẹ̀. Àmín. Cecilia, ìyá aláṣọ funfun ẹ̀yìnkùlé wa tó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà, òun ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó ní ṣé kí òun fi orúkọ Jésù kún àdúrà yẹn, mo ní kó fi kún un, àdúrà kì í wúwo lórí ọmọ.

Ilé dáa. Páànù tí ìjì ká lọ́jọ́sí, wọ́n ti bá mi kàn án padà. Ewúrẹ́ mi tó ní funfun níwájú orí ti bímọ, méjì ló bí, abo làwọn méjèèjì, wọ́n rẹwà bí nǹkan. Ṣùgbọ́n òbúkọ tó jẹ́ bàbá wọn, ṣe ló ń kọjá lára wọn bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Mo wò ó títí, mo wá rántí ẹ.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n kọ ìwé, tí mi ò pè ẹ́ lórí fóònù, ni nẹ́tíwọ̀kì yẹn. Mi ò tíì rí i rí, mi ò sì mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí ẹ̀. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ iṣu, ara ẹ̀ á dá. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ara ẹ̀ á dá. Kí n ṣáà ti dárúkọ Hamdalah ọmọ ẹ báyìí, wàá ní màámi, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa o, mi ò gbọ́ yín mọ́, fóònù á sì kú. Kí lọmọ mi fi ṣe é? Mo ní kí Cecilia bá mi fi nẹ́tíwọ̀kì sínú àdúrà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ṣá, ìwé ò ní nẹ́tíwọ̀kì. Èèyàn ò lè já lu ìwé lẹ́nu. Wàá kà á dópin.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Hamdalah pè mí, ẹkún ló ń sun. Ó ní Ìyá àgbà, Sátidé yìí làwọn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá ní pápá ilé ìwé kan ní Ìgándò, àwọn ọmọbìnrin Bàrúwà àti àwọn ti Ìjẹ̀gùn. Ó ní kóòṣì ti ní kí oníkálùkù mú òbí kan tàbí àgbà kan wá láti ilé, pé ẹni tí ò bá mú ẹnì kankan wá, orí bẹ́ńṣì ló máa jókòó sí. Mo ní ìyẹn mà dáa, Ọlọ́run ló fẹ́ràn ẹ, àwọn ẹgbẹ́ ẹ á máa sáré nínú òòrùn, ìwọ á jókòó bí ìyàwó olóyè. Ló bá tún ki ẹkún bọlẹ̀. Ó ní Ìyá àgbà, ẹ ò gbọ́, ẹni tó bá jókòó kì í gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní ṣé kò sí ibòji níbi tí bẹ́ńṣì náà wà ni? Ó ní Dádì ti ní àwọn ò ní lọ, Mọ́mì náà ò gbọdọ̀ lọ, bọ́ọ̀lù ti parí. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ìyà ni bẹ́ńṣì ọ̀hún. Ẹ̀yin ará Èkó yìí, ẹ ti sọ ìjókòó náà di ìyà.

Mo ní kí n tó dá sí i, ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí i. Hamdalah bá fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù Nùrẹ́nì, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Èkó láti ọ̀dọ̀ wa. Àjàní, mo rí ọmọ mi. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó yà fún ọmọ kan, ó yà fún ìkejì, bí ìgbà tí ejò bá ń yọ́ wọnú koríko, ó gbá a, ó wọnú àwọ̀n. Gbogbo èèyàn hó yèè. Kò pẹ́ ló tún gba òmíràn, ọ̀nà kan náà ló gbà, àwọn tó yà fún lẹ́ẹ̀kan náà ló tún yà fún, wọn ò kọ́gbọ́n, ó tún wọlé. Ó tún gbá ìkẹta. Ti ìkẹta yìí ló wá ń fà nílẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú odò, mo mọ̀ pé ebi ti ń pa á nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fún un lóúnjẹ tó nípọn kó tó jáde nílé. Mẹ́ta lojú mi rí. Nígbà tí wọ́n máa kà á, ọ̀kan ni wọ́n kà fún un. Nùrẹ́nì ní ọ̀kan yẹn náà ni wọ́n ń tún fi hàn. Mo ní má bá mi purọ́, tí mo bá gúnyán lẹ́ẹ̀mẹta, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni apá á dùn mí? Tí mo bá dé Ìgándò, mo máa rọra pe ọkùnrin aláṣọ dúdú àárín wọn yẹn sí kọ̀rọ̀, kó dá góòlù méjì ọmọ mi padà. Mi ò ní bá a jà o. Ó jọ pé ẹ̀dùn ọkàn wà lára òun náà, torí gbogbo bó ṣe ń sáré lọ sáré bọ̀, ẹnì kan ò fún un ní bọ́ọ̀lù gbá, fèrè ló kàn ń fọn.

Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mí jù ni ẹ̀yìn aṣọ ọmọ náà. Mo rí nǹkan kan tí wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀, mo bi Cecilia, ó ní eéje ni. Mo ní eéje kí ni? Ó ní nọ́ńbà ẹ̀ nìyẹn. Ara mi bù máṣọ. Àjàní, ta ló ka ọmọ mi? Ṣé wọ́n máa ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni? Èmi tí mo bí ẹ, tí mo bí àwọn àbúrò ẹ, tí ẹnì kan bá ní mélòó lọmọ yín, mo máa ń ní Ọlọ́run ló mọ̀. Wọ́n wá ka tiwa, wọ́n tún kọ ọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn kí ayé lè máa kà á tẹ̀lé e. Ohun tó tún wá dà mí láàmú ni pé àkọ́bí ẹ ni Hamdalah. Báwo ni àkọ́bí ṣe di ìkeje? Àwọn mẹ́fà wo ló ṣáájú ẹ̀? Mo rò ó títí, mo ní bóyá o ti ní mẹ́fà kan nílẹ̀ ní Èkó tí o ò tíì sọ fún mi. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní bínú, kàn jẹ́ kí n mọ̀, kí n lè di ẹ̀pà tó máa kárí wọn. Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé yìí, má kà á sókè tí Ìdíátù bá wà nítòsí.

Cecilia ní wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ ni. Mo ní ewúrẹ́ mi bí wọ́n ṣe pọ̀ tó yìí, mi ò kọ nǹkan kan sí ìkankan lẹ́yìn, tí wọ́n bá sì dà pọ̀ mọ́ tàwọn ará ilé kejì, mo mọ tèmi. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ọmọ èèyàn ni wọn ò ní dá mọ̀, ọmọ tó lórúkọ, tó ní oríkì? Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àtọ́kẹ́. Mo bá gé etí òfì pupa mi kan, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, ó fi òwú funfun kọ Àtọ́kẹ́ sí i, ó hàn ketekete. Mo fẹ́ fi bo eéje yẹn mọ́lẹ̀ ni. Cecilia bẹ̀ mí pé kí n má bò ó, kí n jẹ́ kí wọ́n rán an sókè ẹ̀, pé báwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù ṣe ń ṣe nìyẹn, orúkọ á wà lókè, nọ́ńbà á wà nísàlẹ̀. Mo gbà fún un. Orúkọ ṣáà ló wà lókè.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Wàá ní ṣòkòtò péńpé. Wàá ní àwọn ẹgbẹ́ àdúrà yín ní mọ́ṣáláṣí á máa sọ pé ọmọ Mùtíù ń fi itan sáré kiri. Mo wo fídíò yẹn títí bátìrì Nùrẹ́nì fi kú. Ọmọ náà wọ ṣòkòtò dúdú gígùn sábẹ́ péńpé yẹn, ó dé ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀, ó wé ìborùn dé ọrùn, mi ò rí ju ojú ẹ̀ àti ọwọ́ ẹ̀ lọ. Èmi tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, mo rí i láti Oníyeyè. Ìwọ tó wà ní Bàrúwà ni o ò rí i, torí o ò wò ó. Mo bi Ìdíátù, ó ní o ò wò ó rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Hamdalah sì tún sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń gbá a, ọ̀dọ̀ ẹ ni wọ́n ti ń fún un ní atẹ́gùn, o ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. O káre. O ń fún bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní atẹ́gùn, o wá ń yọ atẹ́gùn lára ọmọ tìẹ.

Àjàní, mo ti dàgbà. Nínú ilé wa yìí a ti roko, a ti kọ́lé, a ti bímọ, a ti sìnkú, wọn ò pàtẹ́wọ́ fún ẹnì kankan nínú wa rí. Ọmọ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ pa á fún. Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ, kì í ṣe nínú fóònù.

Ìdíátù ní òun ò lè tẹ ọ̀rọ̀ ẹ mọ́lẹ̀. Ó ṣe dáadáa, ìyàwó ẹ ni. Èmi kì í ṣe ìyàwó ẹ, èmi ni mo bí ẹ. Kóòṣì ní kí wọ́n mú àgbà wá láti ilé, mo wo ilé wa yíká, mi ò rí ẹni tó dàgbà jù mí lọ. Nítorí náà mo ń bọ̀, èmi nìkan. Má rán ẹnikẹ́ni wá mú mi. Nígbà tí mo wá kẹ́yìn, ṣe lẹ fà mí lọ́wọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ẹ̀yìn àwọn tó ń fà mí nìkan ni mo rí ní gbogbo Èkó. Lọ́tẹ̀ yìí, lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo bá ti kírun àárọ̀ tán, iwájú mọ́tò Nùrẹ́nì ni, ó di Ìyànà Ìpájà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wá sí Bàrúwà. Sátidé, Ìgándò. Sọ́ńdè, mo padà sílé, torí ewúrẹ́ ò mọ ohun tó ń jẹ́ wíkẹ́ǹdì.

Cecilia ní àwọn tó bá ń lọ wo bọ́ọ̀lù nílùú ńlá, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń sùn. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní ilé téèyàn ti ń sanwó kó tó sùn, tó bá sì di àárọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ṣé ó jí dáadáa. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n tí o bá tì mí síta, Cecilia ní irú ẹ̀ wà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo máa lọ sùn síbẹ̀, mo sì máa júwe ṣọ́ọ̀bù ẹ fún wọn pé kí wọ́n wá gbowó. Nùrẹ́nì náà ní kí n má fòyà, pé obìnrin kan wà nínú fóònù òun tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ Èkó. Mo kí obìnrin náà, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o. Kò dáhùn, ó ní ká yà sọ́tùn-ún. Jàre, ẹni tí kò jẹ́ ìkíni, mi ò lè tẹ̀ lé e débì kankan. Ẹnu mi ni mo máa fi bèèrè ọ̀nà.

Ibí ni mo bá ọ̀rọ̀ dé tí Nùrẹ́nì fi dé láti wá gba ìwé. Ó ń họ orí. Ó ní Ìyá, ẹ má bínú, Bọ̀dá Mùtíù pè mí, wọ́n ti gbọ́ pé ẹ fẹ́ wá, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbé yín o, ìwé nìkan ni kí n gbé. Mo ní háà, àṣé nẹ́tíwọ̀kì máa ń dáa tó bá jẹ́ Nùrẹ́nì lò ń pè! Mo ní kò burú. Mo ní Nùrẹ́nì, èló lo máa ń gba láti gbé ìwé? Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Mo ní ṣé wàá gbé e dé ọ̀dọ̀ Àjàní láìjẹ́ kó já bọ́ lọ́nà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó dáa, ìwé yìí ò ní kúrò lọ́wọ́ mi. Ìwé lo gbé, èmi kàn dì í mú ni. Nùrẹ́nì wo ìwé, ó wò mí, ó wo Cecilia. Cecilia ní kó má wo òun, akọ̀wé lòun. Ló bá mí kanlẹ̀, ó ní Ìyá, ẹ tètè jí o, iwájú lẹ máa jókòó.

Nítorí náà, Àjàní, tí o bá ti kà á dé ibí, gbójú sókè. Obìnrin tó jókòó lórí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ, tó ní o ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí wàá fi ka ìwé tán, èmi ni. Tí o ò bá tíì dọ̀bálẹ̀ dáadáa, padà sílẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ tó ń wò wá yẹn, fún un lówó ẹ̀, owó gbogbo ìjókòó ni o, mo ní kó má gbé ẹnì kankan mọ́ mi kí n lè ríran wo ìgboro. Fún èmi náà ní nǹkan díẹ̀, kí n fi ra omi tútù fáwọn ọmọ Ìjẹ̀gùn lọ́la, torí Àtọ́kẹ́ máa fi eré gbẹ ọ̀fun wọn. Òfì tó ní orúkọ ẹ̀ wà nínú báàgì mi, abẹ́rẹ́ àti òwú wà lára ẹ̀. Ìwọ lo máa rán an mọ́ aṣọ ọmọ náà, ṣebí ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ nǹkan tó ti jò. Kó o sì wá ẹni tó máa bá ẹ jókòó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Òbí kan ni kóòṣì ní kí wọ́n mú wá, kò ní méjì ti pọ̀ jù.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ò ní di ìfisẹ́yìn. Ibi tí ọmọ ọlọ́mọ bá ti ń sáré, ọmọ tiwa ò ní jókòó wò wọ́n. Bẹ́ńṣì kan ṣoṣo tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo jókòó lé e, mi ò sì ní dìde níbẹ̀ títí wàá fi ní ó yá.

Èmi ìyá ẹ, tó ń wò ẹ́ lójú báyìí.