Olówó àti Mẹ̀kúnnù Lórí Pẹpẹ Ìwé

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta 2025

Ọjà Kaneshie. Oòrùn ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Fẹ́mi ọkọ mi ló fà mí dé ṣọ́ọ̀bù Alhaji Abdulhameed. Accra níbí ni wọ́n bí Alhaji sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, bíi tèmi. Sípíkà orí pẹpẹ ìwé la wá wò, irú èyí tó ní agbára nínú ara rẹ̀, tí kò nílò ampilifáyà lọ́tọ̀. Oríṣi méjì ló gbé kalẹ̀. Ọ̀kan, igi gidi, ó wúwo bí ọmọ tó ń sùn. Ìkejì, ike dúdú, ó fúyẹ́. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ ká tó kúrò nínú ọjà: Olówó àti Mẹ̀kúnnù.

Fẹ́mi fẹ́ Olówó nítorí bọ́ọ̀lù àti orin ìsìn. Èmi, kí n ṣáà gbọ́ ohùn Màámi dáadáa ni. Láti ìgbà tí a ti sin ín ní oṣù Kẹwàá, inú fóònù mi nìkan ló kù sí, fóònù náà sì ń dún bí agolo.

Alhaji ní ká kó méjèèjì lọ sílé, ká gbọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. "Èyí tí ò bá wù yín, ẹ dá a padà. Chále, ọ̀rẹ́, ará ilé kan náà ni wá." Ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ, kò sì kanra.

Àìkú, 2

Lẹ́yìn ìsìn. Fẹ́mi to Olówó sókè, Mẹ̀kúnnù sísàlẹ̀, ó wá ń fi orin kan ṣoṣo dán wọn wò títí ọbẹ̀ mi fi fẹ́ jóná. Olówó: o lè mọ ibi tí akọrin kọ̀ọ̀kan dúró sí. Mẹ̀kúnnù: gbogbo wọn ń kọrin nínú àpò kan. Mo ní Mẹ̀kúnnù tó wa. Ó ní etí mi ló di.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ìsinmi Òmìnira Ghana. Fẹ́mi lọ kí pásítọ̀. Ó ku èmi àti Màámi.

Màámi ò gbà rí pé ohùn tí a fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù yàtọ̀ sí ìpè. Láràárọ̀, tó bá gbàdúrà tán, á pe oríkì mi, "Àwẹ̀ró!", á dákẹ́, á dúró kí n dáhùn, á wá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé dáadáa lo jí?" Gbogbo ohùn tó fi ránṣẹ́ ló ní àlàfo yẹn. Èmi àti Fẹ́mi máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Bùkọ́lá ni gbogbo ayé ń pè mí, òun nìkan ló ń pè mí ní Àwẹ̀ró.

Mo fi sórí Olówó. Mo gbọ́ adìẹ nínú àgbàlá. Mo gbọ́ aládùúgbò tó ń gbálẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe gbé itọ́ mì. Mo sunkún, ó sì dùn mọ́ mi.

Ó pe Àwẹ̀ró. Ó dákẹ́.

Nínú ìdákẹ́ yẹn, ẹnìkan ní, "Mà."

Ohùn obìnrin. Jẹ́jẹ́. Bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Ẹtì, 7

Mẹ̀kúnnù — àlàfo náà ṣófo. Olówó — "Mà." Mo ṣe é títí etí fi ń dùn mí. Mo pe Olúbáyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ṣebí mo mọ̀ pé Màámi nìkan ló ń gbé, bóyá aládùúgbò ni mo gbọ́. Mo wá gbọ́ èyí tó gbà sílẹ̀ ní ọsibítù. "Mà." Èyí tó gbà nínú ọkọ̀ Ìbàdàn. "Mà." Ohùn kan náà.

Àìkú, 9

Balùwẹ̀ ni mo wà. Fẹ́mi fi Màámi sórí Olówó, ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe ń gbé ohùn ènìyàn. Nígbà tí mo jáde, ó bi mí pé kí ló dé tí mo ń jẹ́ "Mà" látinú omi. Mo ní mi ò la ẹnu. Ó ní òun mọ ohùn ìyàwó òun.

Mo bu oúnjẹ fún un. Mo ń rántí ohun tí Màámi fi etí wa gbọ́ láti kékeré: tí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn, jáde lọ wò ó ná.

Ìṣẹ́gun, 11

Alhaji pè, ó ní èwo la mú. Mo bi í bóyá sípíkà lè fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. "Rárá o. Sípíkà ò lẹ́nu tiẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ẹ̀ ló máa sọ. Onígi yẹn ni etí ẹ̀ mú páà."

Ohùn náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 13

Onítọ̀hún kì í dúró kí Màámi pè tán mọ́ kó tó jẹ́ "Mà." Màámi sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ níbẹ̀ rí. Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ inú ló ń bí mi jù. Ìyá mi ni. Orúkọ mi ni.

Àbámẹ́ta, 15

A dá Olówó padà, a san owó Mẹ̀kúnnù. Fẹ́mi ò jiyàn. Ó da aṣọ bo Olówó kó tó gbé e sínú ọkọ̀. Ẹnu ya Alhaji: "Àǹtí, ẹni tó bá ti gbọ́ onígi kì í padà sídìí ike o." Mo ní àwa padà.

Àìkú, 16

Ilé dákẹ́. Mo sùn.

Ìṣẹ́gun, 18

Fẹ́mi ti lọ síbi iṣẹ́. Ilé ni mo ti ń ṣe tèmi lónìí. Tíì, búrẹ́dì, Mẹ̀kúnnù. Mo yan ohùn kan tí mo mọ̀ lórí látòkè délẹ̀.

"Àwẹ̀ró!"

Àlàfo. Ó ṣófo, bí mo ṣe fẹ́. Mo mu tíì. Ó ṣì ṣófo. Tíì fẹ́ tán.

"Àwẹ̀ró, ṣé o ò gbọ́ ni?"

Kò sí ìyẹn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí i.

Mo ṣe bó ṣe kọ́ wa. Mo jáde lọ wò ó. Aṣọ lórí okùn. Mo ṣí géètì: obìnrin oníkẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará ibí, ń kiri kọjá lọ, kò wẹ̀yìn. Mo padà wọlé.

"Àwẹ̀ró." Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn tó bá rò pé mo ń bínú sí òun. Ọwọ́ mi ti wà lára wáyà iná, mi ò lè fà á. Tí mo bá fà á, kí ló kù fún mi? Nílé wa, ọmọ kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ pè lẹ́ẹ̀mejì, ó ti pe èmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo ní, "Mà."

Ó dákẹ́. Adìẹ kan ké. Ó wá mí kanlẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ohùn Àwẹ̀ró mi nìyí."

Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

"Ta wá ni eléyìí tó ń dá mi lóhùn látọjọ́ yìí?"